Mo Lọ Sọ Ọmọ Lórúkọ ní Minna

Ẹ má tíì bi mí bóyá Minna dára. Ó dára. Àwọn òkè àpáta rẹ̀ wu ojú wò, èèyàn ibẹ̀ sì mọ àlejò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán ná. Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìkìrun yìí lẹ ti ń yọjú sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín lẹ́nu yín, "Màmá Olùkọ́, ẹ kú àbọ̀, ojú yín á ti rí nǹkan lọ́hùn-ún." Ojú mi rí nǹkan. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn.

Ẹ mọ Bọ́sẹ̀, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èmi ni mo kọ́ ọ ní a-bí-dí. Minna ni wọ́n gbé e lọ nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀. Nígbà tó parí, ó jókòó síbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé kan ní àdúgbò Fadikpe. Òun ló pè mí lórí fóònù pé, "Àǹtí, mo ti bí o. Obìnrin ni." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ kú ewu ọmọ, bàbá ọmọ ńkọ́?  Ó ní, "Àǹtí, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àwọn ò ní wá sọ ọ́ lórúkọ, àfi bí mo bá dárúkọ bàbá rẹ̀ níwájú ìjọ. Èmi ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan. Ṣé ọmọ mi ò wá ní lórúkọ ni?"

Ìyá tó bí i wà ní Ìbàdàn, ara rẹ̀ le koko. Ó ní òun ò lè fojú kan irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, máa tọ́jú ojú rẹ. Mo di ẹrù mi.

*Ojú ọ̀nà*

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà. Títí dé Ìlọrin, mo ṣì wà nílé. Ní Jẹ̀bbà, àwọn tó ń ta ẹja yíyan rọ́ bo fèrèsé ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bu díẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò ná, Màmá, bí kò bá dùn ẹ má rà á." Ó dùn, mo rà á. Nígbà tí a máa kọjá Mọ́kwá, ẹnu mi ò wúlò mọ́. Hausa àti Nupé ni gbogbo wọn ń sọ, èmi nìkan ni mo ń wo ẹnu ẹlẹ́nu.

Ẹ ò mọ bí àwọn èèyàn yẹn ṣe ń kíra; ìgbà tí mo dé Minna ni wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọn á kí ara wọn kú iṣẹ́, wọn á kí ara wọn kú àárẹ̀, wọn á béèrè ilé, wọn á béèrè ọmọ, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé àwa Yorùbá la ni ìkíni láyé. Àṣé a ní orogún.

Bàbá Nupé kan tó jókòó tì mí bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Mo mi orí pé rárá. Ó tún fi lé mi lọ́wọ́, ó sì kọjú síwájú, kò tún wò mí mọ́, kí n má bàa tijú láti jẹ ẹ́. Nígbà tó fi ọwọ́ bi mí níbi tí mò ń lọ, mo fi ọwọ́ ṣe bí ẹni gbé ọmọ jó. Ó yé e. Ó sọ fún àwọn tó kù, gbogbo inú ọkọ̀ bá pa ohùn pọ̀, "Allah ya raya!" Wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run dá ọmọ sí. Ẹnì kan nínú wọn ò bi mí ní bàbá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé àwọn yẹn là ń pè ní àjèjì.

*Limawa*

Ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀ nígbà tí mo dé agbo ilé tí Bọ́sẹ̀ ń gbé ní àdúgbò Limawa. Àwọn ọmọ wẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣeré níwájú ilé. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ń lẹ́ o. Yàrá Àǹtí Bọ́sẹ̀ dà?" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Me ta ce?" Ó ń béèrè lọ́wọ́ èkejì pé kí ni mo sọ. Nígbà tí mo máa gbọ́ orúkọ wọn, Ràsákì ni, Sẹ̀míátù ni, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni gbogbo wọn!

Alájà tó ni ilé ló jáde wá gbà mí lọ́wọ́ wọn. Ìlọrin ni bàbá tó bí i ti wá, Minna ni wọ́n bí òun sí. Ọkọ rẹ̀ ni àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lábẹ́ igi níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí eékún méjèèjì, obìnrin tí kò kéré sí mi lọ́jọ́ orí. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Màmá. Hausa ni wọ́n mu mọ́ ọmú. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọmọ."

Mo ní kí n bá wọn dáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Alájà gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Wàínà, àkàrà ìrẹsì, ló gbé fún mi, tí ìrẹsì rẹ̀ kúnná, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jóná díẹ̀ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹ̀pà sí. Obìnrin Hausa kan tó ń gbé yàrá kejì, Hàjíyà ni wọ́n ń pè é, ń gbé kunu gbígbóná, ògì àwọn Hausa, wá fún Bọ́sẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pé kí ọmú lè yọ. Òun náà ló ń fi omi gbóná wẹ̀ ẹ́. Wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn kan náà, wọn kì í ṣe ìran kan náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Bọ́sẹ̀ ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ náà pupa, irun rẹ̀ kún bò ó níwájú orí. Mo gbé e. Bó ṣe wà lọ́wọ́ mi ni mo ti béèrè ohun tí ẹnì kan ò béèrè láti Mọ́kwá: "Bọ́sẹ̀, ta ni?"

Ó kọjú sí ògiri. "Àǹtí, ṣé ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ ni, àbí ẹ wá gbọ́ ẹjọ́?"

 Ọmọ tí mo kọ́ ní a-bí-dí ni o.

*Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì*

Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ fún Bọ́sẹ̀ pé mò ń lọ bá àwọn ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Maitumbi. Ó ní kí n má lọ. Mo lọ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni. Láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, sùtánà funfun ni gbogbo wọn wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń rìn. Àlejò tó bá wọ aṣọ aláwọ̀, iwájú ni wọ́n máa ń mú un lọ kí wọ́n lè gbàdúrà fún un. Wọ́n mú èmi náà lọ síwájú. Arábìnrin tó mú mi jókòó ń rẹ́rìn-ín sí mi, "Ẹ káàbọ̀, Màmá, ibo la ti wá?" Mo ní Ìkìrun ni, èmi ni àbúrò bàbá Bọ́sẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ sọ ọ́ sétí Bàbá Alàgbà tó jẹ́ olórí wọn, ó padà wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni tiyín."

Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Ibẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ti ń jókòó láti ìgbà tí oyún rẹ̀ ti yọ. Wọ́n gba sùtánà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní kó máa wọ aṣọ aláwọ̀ wá, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbójú sókè lè mọ̀ ọ́n láàárín àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún olùkọ́ ọmọ wọn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní kíláàsì ń wọlé, wọ́n ń wò ó, àwọn ìyá wọn ń fà wọ́n lọ́wọ́ kọjá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ má wulẹ̀ wo ìwà, aṣọ ni kẹ́ ẹ wò.

Ó yẹ kí n bínú jáde. Ìbínú náà gan-an ló dá mi jókòó, mo ní mo fẹ́ rí òpin rẹ̀.

Bàbá Alàgbà dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ nítorí bí wọ́n ṣe dúró ti Ajíhìnrere wọn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú láìpẹ́ yìí. Ó ní bí ìkórè bá ti dé, wọ́n máa ta òróró sí i lórí, á di olùṣọ́-àgùntàn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ajíhìnrere náà wá dìde láti wàásù. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì níyàwó, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ń wàásù lé lórí. Nígbà tó dé ìdajì, ó pa Bíbélì dé, ó ń sunkún. Àwọn obìnrin bá dá orin sílẹ̀, wọ́n ń nu ojú. Ìyá kan níwájú mi ní, "Ikú ìyá rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ọmọ ọlọ́mọ."

Èmi náà káàánú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, èmi tí wọ́n fi jókòó ti bàtà, mo káàánú rẹ̀!

Nígbà tí wọ́n parí, mo lọ dúró síwájú Bàbá Alàgbà. Mo ní, "Bàbá, kí ni ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ ṣe fún yín?"

"Òfin ìjọ ni, Màmá. Kí ìyá rẹ̀ dárúkọ ọkùnrin náà."

"Ọkùnrin náà ńkọ́? Ṣé ìyá rẹ̀ nìkan ló dá lóyún ni? Bó bá jẹ́ pé ó wà nínú àwọn aláṣọ funfun tó ń jó níbí yìí ńkọ́?"

"Bó bá wà níbí, Ọlọ́run á fi í hàn."

Mo ní, "Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà ní Minna, ẹ̀yin gan-an lẹ ń wọ́ ọ."

Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ó dáa. A máa wá lọ́jọ́ náà. A máa bi í níwájú gbogbo èèyàn. Bó bá dárúkọ, a ó gbàdúrà. Bí kò bá dárúkọ, a ó gba ilé wa lọ." Mo ní ẹ máa bọ̀.

*Ọjọ́ kẹjọ*

Alájà gbá ojúde, ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Hàjíyà se túwó ìrẹsì, ìkòkò rẹ̀ kún dé ẹnu. Àlùfáà, ọkọ Alájà, ní òun ò lè sọ ọmọ onígbàgbọ́ lórúkọ, àmọ́ òun lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun á máa ṣe àmín. Mo gbé omi sínú abọ́, mo wá oyin, mo wá iyọ̀. A jókòó.

Àwọn aláṣọ funfun dé lóòótọ́. Bàbá Alàgbà ló ṣíwájú, Ajíhìnrere tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwọn méjì kan. Wọn ò kí aboyún àná, wọn ò wo ojú ọmọ. Bàbá Alàgbà dúró láàárín ilé, ó ní, "Bọ́sẹ̀, níwájú Ọlọ́run àti àwọn èèyàn yìí, ta ni bàbá ọmọ yìí?"

Bọ́sẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ajíhìnrere ń wo omi inú abọ́. Hàjíyà tí kò gbọ́ Yorùbá bi Alájà pé kí ni wọ́n sọ. Nígbà tí Alájà sọ fún un, ó pariwo, "Haba!" ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Alàgbà yíjú padà pé ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo dìde, mo dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ jókòó! Èmi ni mo ṣojú bàbá tó bí Bọ́sẹ̀. Ní ilé tiwa, ẹni tó bá wọ ibi ìsọmọlórúkọ kì í jáde láìfún ọmọ lórúkọ. Àbí ẹ̀yin wá gégùn-ún ni?" Àgbàlagbà Yorùbá wo ni yóò gbà kí wọ́n sọ pé òun wá gégùn-ún níbi ìkómọ? Wọ́n jókòó.

Mo fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, mo fi iyọ̀ kàn án, mo ṣàdúrà. Mo sọ ọ́ ní Ọláwùmí. Abọ́ omi wá ń lọ káàkiri. Alájà fi owó sínú omi, ó sọ ọ́ ní Ràmátù. Hàjíyà sọ ọ́ ní Talatu, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i. Ó kan Bàbá Alàgbà. Ó ní, "Mo sọ ọ́ ní Ìrònúpìwàdà." Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ! Mo gé ahọ́n mi jẹ kí n má bàa bú àgbà.

Ó wá kan Ajíhìnrere. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.  Ó wo ojú ọmọ náà títí, ó dà bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń pe ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀: "Yétúndé."

Àlùfáà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Àmín!" kó tó ro ohun tó gbọ́. 

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ ọmọ ní Yétúndé nítorí pé orúkọ náà dùn lẹ́nu. Ilé tí ìyá àgbà ti kú ni wọ́n ti ń sọ ọ́, pé ìyá ti padà wá. Ìyá àgbà Bọ́sẹ̀ tó bí èmi àti bàbá rẹ̀ wà ní Ìkìrun níbí, ó ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Ìyá tó bí Bọ́sẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ìyá ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ilé ta ni Ajíhìnrere wá wò? Ilé ara rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló rí lójú ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

Mo wo Alájà, Alájà wò mí. Bàbá Alàgbà tètè dìde, "Àmín, àmín, ọjọ́ ti ń lọ, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ajíhìnrere ò fẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀. Bàbá Alàgbà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé e fún mi, ó sì dì í lápá mú jáde.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, mo pe Bọ́sẹ̀. Mo ní, "Òun ni?"

"Àǹtí, èmi ò sọ nǹkan kan o."

"Mo mọ̀ pé o ò sọ. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ó ní kí n mú sùúrù kí wọ́n ta òróró sí òun lórí. Ó ní bó bá ti di olùṣọ́-àgùntàn, ẹnì kan ò ní lè dí òun lọ́wọ́ láti fẹ́ mi."

Orí mi gbóná. "Òun wà lórí pẹpẹ nínú aṣọ funfun, ìwọ wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà!"

"Mo mọ̀, Àǹtí," ó ní. "Èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

*Àwọn tó wá bẹ̀ wá*

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Alàgbà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kí wa. Ó kí ìyá ọmọ, ó kí ọmọ, ó kí èmi náà, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó gbé nǹkan kan lé orí ẹní: sùtánà funfun, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ká a dáadáa. Sùtánà Bọ́sẹ̀ ni.

Ó ní ìjọ ti ṣàánú. Bọ́sẹ̀ ò ní dúró síwájú ẹnikẹ́ni mọ́, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bó bá ti pé ogójì ọjọ́, kó wọ aṣọ rẹ̀, kó wá jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á gbàdúrà fún ọmọ náà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́.

"Kí a pa orúkọ yẹn tì. Èyí tí... èyí tí ẹnu kan ṣèèṣì sọ. Ẹ máa pè é ní Ràmátù bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ máa pè é ní Talatu. Àmọ́ bí wọ́n bá ń pe orúkọ yẹn káàkiri Minna, á ba iṣẹ́ Olúwa jẹ́."

Mo ní, "Ajíhìnrere ńkọ́? Ṣé òun náà á bọ́ funfun?"

"Màmá, wọ́n máa ta òróró sí i lórí. A ò lè fi ọwọ́ kan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ ààwẹ̀."

Ààwẹ̀! Ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú ní Limawa, òun ń gbààwẹ̀ ní Maitumbi. Síbẹ̀, kí n sọ òtítọ́ fún yín, mo wo aṣọ yẹn, mo wo ojú Bọ́sẹ̀, mo ní kó gbà á. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, orúkọ pọ̀ nílẹ̀. Gbà á, kó o lè gbé orí sókè láàárín àwọn èèyàn. Ibí lò ń gbé, ibí lò ń ṣiṣẹ́." Ìdí tí mo fi rìn láti Ìkìrun nìyẹn, pé kí ọmọ lórúkọ, kí ìyá rẹ̀ sì níyì.

 Bàbá Alàgbà ni Bọ́sẹ̀ kọjú sí. "Bàbá, tí mo bá yí orúkọ rẹ̀ padà, ta ni bàbá rẹ̀?"

Bàbá Alàgbà tún ti sùtánà náà sún mọ́ ọn.

"Láti ìgbà tí mo ti lóyún, kò ra aṣọ kan fún un, kò ra ọṣẹ. Orúkọ yẹn nìkan ni bàbá rẹ̀ tíì fún un. Ẹ wá fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó gbé ọmọ fún mi. Ó kúnlẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé sùtánà náà padà fún Bàbá Alàgbà. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ bá mi gbé e lọ. Bẹ́ ẹ bá rí Ajíhìnrere, ẹ ní Yétúndé kí i."

Bàbá náà kúrò níbẹ̀ láìdágbére. Alájà tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ fèrèsé kígbe, "Yétúndé Limawa!" Àwọn ọmọ kéú tó wà níta tí wọn ò gbọ́ Yorùbá gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pè é sókè-sódò títí Àlùfáà fi lé wọn padà sídìí wàláà.

Mo ti dé o. Bọ́sẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kò bá mi bọ̀. Ó ní òun ò jalè tí òun á fi sá ní ìlú. Ó ti ń múra láti padà sí kíláàsì rẹ̀, Hàjíyà á máa bá a mú ọmọ. Ìkórè ìjọ wọn ò tíì tó, mi ò sì mọ orí ta ni wọ́n máa da òróró lé.

Kí ẹ̀yin náà wá fi mí lọ́rùn sílẹ̀ wàyí. Láti àná lẹ ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín níwájú ilé mi, tí ẹ ń sọ ọ́ sẹ́nu pé ọmọ ta gan-an ni Bọ́sẹ̀ bí, kí Màmá Olùkọ́ tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo ti dárúkọ. Yétúndé ni ọmọ ń jẹ́. Ìyá mi ló ń gé ilá lẹ́yìnkùlé yẹn, ẹ yọjú kí ẹ kí i. Ìyá Bọ́sẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ẹ pè é lórí fóònù. Kí ẹ wá bi ara yín, ìyá ta ló kú?